Kámẹ́rà tẹ́ ẹ gbé sílé Mama, olè ló ń ṣọ́, kì í ṣe Mama

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá tàbí bàbá àgbà tó ń dá gbé nílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, Houston àti Toronto tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Thread yìí gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Mo gbé fídíò kan jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ààbò àwọn àgbà tó ń dá gbé. Kọ́mẹ́ǹtì tó ń tún ara ẹ̀ sọ lábẹ́ ẹ̀ ni: "Àwa ti fi kámẹ́rà sílé Mama, kò séwu."

Kò séwu fún ta ni?

Ẹ wo ilé tẹ́ ẹ kọ́ fún wọn dáadáa. Fẹ́ǹsì gíga, ìgò fífọ́ lórí fẹ́ǹsì, géètì, irin ojú fèrèsé tí gbogbo wa ń pè ní burglary, ilẹ̀kùn onírin, àgádágodo bíi mẹ́ta, ajá, kámẹ́rà. Gbogbo ẹ̀ ló kọjú síta. Olè ló wà lọ́kàn wa nígbà tá à ń rà wọ́n. Ìyá ẹni ọdún 78 tó ń dá sùn, olè kọ́ ni ewu tó sún mọ́ ọn jù. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀ ni. Àtẹ̀gùn tí kò ní ibi ìdìmú ni. Etí kápẹ́ẹ̀tì tó ká sókè ni. Iná tí NEPA mú lọ nígbà tó ń ti ilé ìtọ̀ bọ̀ láago mẹ́ta òru ni.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní ọdún 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìṣubú nìkan kọ́ ni wàhálà. Àwọn olùwádìí kan ní Cambridge tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 90 fún odidi ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn BMJ ní 2008. Èèyàn 66 ló ṣubú nínú wọn. 53 nínú wọn ni kò lè dá dìde nílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. 20 wà nílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wákàtí kan lórí ilẹ̀, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀, ibi tó fi sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dégbò, omi ara á gbẹ, iṣan tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ á bàjẹ́, oró inú ẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀, á sì ṣe kíndìnrín lọ́ṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró náà lè kó àrùn. Egungun tó ṣẹ́ ṣì lè jinná. Àwọn wákàtí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ yẹn ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wà ní Manchester. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà nílé yẹn: géètì, ẹ̀yìnkùlé, fàráńdà, páálọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Kò sí kámẹ́rà ní balùwẹ̀, kò sì yẹ kó wà. Ọmọ ṣí fóònù ní Manchester, ó rí páálọ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó rò pé Mama ṣì ń sùn, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ẹni tó fura ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nígun òpópónà, nítorí oníbàárà ẹ̀ ò yọjú. Ìyá ẹlẹ́kọ ni àláàmù ilé yẹn o, kì í ṣe gbogbo nǹkan olówó ńlá tó wà lára ògiri.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Wọ́n fo fẹ́ǹsì wọ inú ọgbà, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀ fínńfín, wọn ò rọ́nà wọlé. Ilẹ̀kùn onírin wà ní títì látinú, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Wọ́n lọ pe wẹ́dà. Wẹ́dà dé, kò síná, wọ́n tún lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Irin tí wọ́n fi dí olè lọ́nà ni wọ́n gé kí wọ́n tó lè gbé obìnrin tó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí. Egungun ìbàdí ẹ̀ ti kán. Ó yè é, a dúpẹ́. Nígbà tí ọmọ wálé, ẹ mọ ohun tó rà?

Kámẹ́rà karùn-ún.

Mi ò lè bá a jà lójú, ẹ̀gbọ́n ni sí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ń bá gbogbo yín jà níbí.

Àláàmù tí mò ń sọ fún àwọn àgbà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Bí Mama bá ṣubú, ta ló máa gbọ́? Ta ló máa wá? Ibo lẹni náà máa gbà wọlé? Bí ẹ ò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ààbò kankan nílé yẹn, kódà kẹ́ ẹ ra ajá mẹ́wàá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń lọ wá a lórí Amazon. Ẹ sùúrù. Nílùú Ọba, ọ̀pọ̀ àgbà ló ní bọ́tìnì tí wọ́n ń fi sọ́rùn tàbí ọwọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kan nínú ilé pe ibùdó kan tí èèyàn wà tọ̀sán-tòru, ẹni tó gbé e níbẹ̀ á bá wọn sọ̀rọ̀, á sì wá ẹni tó máa lọ wò wọ́n. Ó dáa gan-an. Bọ́tìnì nìkan lẹ lè kó sínú àpótí ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú, ẹ ò lè kó ibùdó yẹn. Bí Mama bá tẹ̀ ẹ́ n'Ìjẹ̀bú, ta ló máa gbé e?

Kódà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ti dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ń yí okùn fóònù àtijọ́ kúrò, wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní December 2023, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní láti dá fífi tipátipá yí àwọn èèyàn padà dúró, nítorí àláàmù àwọn kan ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yí ìlà wọn. Wọ́n sún ọjọ́ ìparí ẹ̀ sí January 2027. Ìlú tí iná kì í lọ ló ń ṣe báyìí. Àwa tí NEPA ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, tí Wi-Fi ń bá a lọ, tí kámẹ́rà náà ń bá Wi-Fi lọ, ẹ wá ní kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ìyá yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó lè ṣiṣẹ́ níbí, kò sì wọ́n. Aago ẹnu ọ̀nà tí kò ní wáyà, tí wọ́n ń tà lọ́jà, abala méjì ló ní: bọ́tìnì kékeré kan àti èyí tó ń dún. Ẹ so bọ́tìnì mọ́ Mama lọ́rùn, ẹ gbé èyí tó ń dún sí yàrá ẹni tó sún mọ́ wọn jù, ìbáà jẹ́ ayálégbé tàbí aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo pààlà pẹ̀lú wọn. Ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì níhà méjèèjì, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa kì bọ ògiri. Kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an, ẹ gbé bọ́tìnì wọ balùwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń dí i lọ́wọ́. Bí kò bá dún níhà kejì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fóònù kékeré oníbọ́tìnì tó ń gba bátìrì fún ọjọ́ bíi mélòó kan náà wúlò ju fóònù ńlá tẹ́ ẹ rà fún wọn lọ́jọ́ ìbí. Ẹ fi nọ́ńbà aládùúgbò sí bọ́tìnì kan tí wọ́n lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìwojú. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré kí wọ́n máa gbé e kọ́rùn, nítorí fóònù tó wà lórí tábìlì páálọ̀ ò wúlò fún ẹni tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní 112. L'Ékòó, 767 náà wà. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò nílò kírẹ́dìtì. Ṣùgbọ́n aládùúgbò lẹ máa fi ṣáájú, torí òun ló máa kọ́kọ́ dé.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Ibí ni ìjà máa ń wà. "Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ilé Mama, ayé ti bàjẹ́." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé géètì lé mẹ́gáàdì tẹ́ ẹ pàdé lóṣù tó kọjá lọ́wọ́! Àbí kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjọ, ní mọ́ṣáláṣí, nínú ẹbí, tí Mama alára fọkàn tán? Ẹ bi wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ń gbé ládùúgbò yẹn láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní praimárì. Ẹ fún ẹni náà ní kọ́kọ́rọ́ kan, kẹ́ ẹ sì yọ ọ̀pá ìdábùú tí wọ́n ń ti bọ ilẹ̀kùn látinú, torí kọ́kọ́rọ́ ò lè ṣí ìyẹn. Bí iná bá sọ ní kíṣíìnì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà gbé wọn jáde.

Mo mọ èyí tó kù lẹ́nu yín: "Àṣà òyìnbó nìyẹn, àwa ní agbo ilé." Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù. Lóòótọ́, agbo ilé ni àláàmù wa. Ẹni tí kò bá jáde wá kí ẹnikẹ́ni "ẹ káàárọ̀" títí oòrùn fi là, wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ọmọ tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá á gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ké. Ṣùgbọ́n ta ló kó Mama kúrò nínú agbo ilé? Ẹ̀yin ni. Ẹ kó wọn lọ sí estate tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ oríkì wọn, ẹ mọ fẹ́ǹsì yí wọn ká, ẹ ya fọ́tò fún Instagram. Ẹ ò lè wó àláàmù tó wà tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tún ní a ò nílò òmíràn.

Ti àwọn àkàndá ẹ̀dá tiẹ̀ tún burú jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo wheelchair, tó ń dá gbé, pe iléeṣẹ́ kan láti wá fi àláàmù sílé. Wọ́n gbé ojú ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí ibi tí ọkùnrin tó bá dúró á ti máa wò ó lójú kòrókòró. Nígbà tó ní ọwọ́ òun ò tó o, èsì wọn ni pé "ẹ ní kí ẹlòmíì máa bá yín tẹ̀ ẹ́." Ẹlòmíì wo? Ó sanwó pé láti jókòó wo àláàmù tirẹ̀ lókè.

Adití ń kọ́? Fèrè tó ń pariwo lójú òru ò sọ nǹkan kan fún un. Iná tó ń ṣẹ́jú tàbí nǹkan tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí ló nílò. Afọ́jú tí wọ́n gbé ojú dígí tó tẹ́jú pẹrẹsẹ fún, kí ló fẹ́ fọwọ́ bà níbẹ̀? Ìlú Èkó ti ní òfin àkàndá ẹ̀dá láti 2011. Ti àpapọ̀, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2019, wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé tipẹ́. Kò sì sí ọlọ́pàá tó máa wọ páálọ̀ yín wá wo ibi tí bọ́tìnì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ni kẹ́ ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó lu ìṣó àkọ́kọ́: "Ẹni tó máa lò ó dà? Ẹ pè é wá kó fọwọ́ kàn án."

Mo sọ ti ìwádìí Cambridge lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yà yín lẹ́nu: púpọ̀ nínú àwọn tó pẹ́ nílẹ̀ yẹn ní àláàmù. Wọn ò lò ó. Àwọn ìyá wa á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Mi ò fẹ́ da ọmọ ọlọ́mọ láàmú." Wọ́n á wà nílẹ̀, wọ́n á máa gbàdúrà pé kó má di wàhálà fún ẹnikẹ́ni. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí eré, kí aládùúgbò dáhùn, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, kí ojú má tì wọ́n mọ́ lọ́jọ́ tó bá di òótọ́. Nílùú Ọba, okùn pupa wà ní ilé ìtọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ó yẹ kó balẹ̀ kí ẹni tó ṣubú lè fà á. Àwọn kan máa ń so ó sókè kó má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn bá a bá gbé bọ́tìnì Mama kọ́ sára ìṣó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ kámẹ́rà kúrò ní yàrá wọn bí wọn ò bá fọwọ́ sí i. Mo mọ ìyá kan tó ń wé gèlè nínú páálọ̀ ara ẹ̀ lọ́sàn-án gangan torí ìyàwó ọmọ lè máa wo òun. Kámẹ́rà géètì, kò burú. Ẹ ṣáà má pè é ní ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ṣe skit, ẹ̀yin náà, ìyá àgbà tó ṣubú tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gòkè ti tó gẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń mú view wá.

Kọ́mẹ́ǹtì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wá bá mi jà níbẹ̀, ẹ pe Mama nísinsìnyí, ẹ bi wọ́n ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́.