Ọjà Tí Mo Rà Ní Ìbàdàn

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì gbéra ní Ògbóòró ní ìdájí, a wọ Ìbàdàn, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. A wo Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929. Ní Dùgbẹ̀, ẹnu yà wá sí Kòkó Haòsì alájà 26, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ kọ́ parí ní 1965.

Ní Gbági, léèsì kan wọ̀ mí lójú. Owó oògùn ìyàwó mi ni mo fi rà á.

Mo délé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ó mà yẹ yín o." Lálẹ́, ó wo ìgò oògùn tó ti ṣófo, kò sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo lu léèsì náà ní gbàǹjo, mo sì ra oògùn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ yọ owó ilé sọ́tọ̀ kí ẹ tó wọ ọjà.