Etí Nìkan Kò Tó fún Iná Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Agoua mọ ọkọ̀ Peugeot 504. Ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó yá, wọ́n ń tò ó ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Irú ọkọ̀ yìí ti ru iṣu, gàrí àti èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó kù nínú wọn ṣì lè ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ń tún iná ẹ́ńjìnnì wọn ṣe bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n àṣà kan ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mẹkáníìkì á yí alumẹ̀, àpótí kékeré tó ń pín iná fún àwọn bùjí. Á tẹ́tí, á ní ó ti dára. Etí ọ̀gá wúlò, ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó.

Nínú ẹ́ńjìnnì, pístọ́nù ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ àti èsáńsì pọ̀. Iná bùjí gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀ kí pístọ́nù tó dé òkè pátápátá, nítorí èsáńsì kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá pẹ́ jù, agbára ń sọnù, epo ń ṣòfò. Bí ó bá yá jù, iná á máa ti pístọ́nù padà nígbà tó ṣì ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì á máa dún kó-kó-kó. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, pístọ́nù lè lu.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé àkókò kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ọ̀nà mu. Wọ́n fi ìkòkò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ alumẹ̀. Awọ rọ́bà wà nínú rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so ó mọ́ kabúrétọ̀. Bí awakọ̀ bá rọra tẹ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, èsáńsì tó ń wọlé kò pọ̀, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á fa awọ náà, iná á sì tètè tàn. Bí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè, tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ délẹ̀, ìfà náà á dínkù, iná á padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń pẹ́ láìba ẹ́ńjìnnì jẹ́. MGB, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, ní irú rẹ̀.

Nígbà tí awọ náà bá gbó, ó lè ya. Dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àwọn kan ń yọ ọ̀pá rọ́bà, wọ́n ń dí i, wọ́n sì ń yí alumẹ̀ kí iná lè tètè tàn. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, inú onímọ́tò á dùn. Lórí òkè ni ìyà wà. Owó tí kò fi ra awọ, ó lè fi ra pístọ́nù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìwé ọkọ̀ sọ iye dígírì tí iná gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Kí ọ̀gá yọ ọ̀pá rọ́bà, kí ó dí i, kí ó so lámpù ìdíwọ̀n mọ́ okùn bùjí kìíní, kí ó wo àmì lára ẹ́ńjìnnì tó ń yí jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó dá ọ̀pá náà padà. Láti dán awọ wò, kí ó fi ẹnu fa ọ̀pá náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé láìdúró, awọ ti ya.

Àwọn kan á ní èsáńsì kpayo kò bá ìwé mu. Òótọ́ wà níbẹ̀: epo tí kò dára lè mú kí ẹ́ńjìnnì dún, kí ó sì di dandan láti fa iná sẹ́yìn díẹ̀. Níbẹ̀ ni etí ti wúlò. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ bí ó ti fà á sẹ́yìn tó, bí kò bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Nọ́mbà ni ìpìlẹ̀, etí ni àtúnṣe.

Ọmọ iṣẹ́ tó ti kọ́ ìwé kíkà lè ka nọ́mbà yìí. Ó lè kọ irú ọkọ̀, ọjọ́ àti dígírì sínú ìwé kan. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè: ọ̀gá tó gbà kí ọmọ iṣẹ́ ka nọ́mbà fún òun kò sọ ipò rẹ̀ nù; ọkọ̀ oníbàárà ló gbà là.