Ọkọ̀ Àbíkú Kò Sọ Dírẹ́bà Di Olè

Ọ̀rọ̀ jíìpù kan la gbé wá sójú ewé yìí lóṣù yìí, jíìpù tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ oko láti Àkúrẹ́ lọ sí oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè. Ó ń kú lójú ọ̀nà, ó sì tún ń jí. Inú owó oṣù ọ̀kan nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, títí di bí a sì ti ń kọ èyí, owó yẹn kò tíì padà.

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn di èké. Gbogbo mẹkáníìkì tó ń ka ìwé yìí ló mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Á kú lórí òkè lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá fà á dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìfọwọ́kàn kan, ó ti tan, á máa wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ purọ́ mọ́ òun. Ẹ jẹ́ kó máa jó fún wákàtí méjì, kò ní kú. Ẹ gbé e sójú títì, kò ní kú. Ẹ ó kọ "ó ti dára" sínú job card, ẹ ó dá a padà fún dírẹ́bà. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ó tún kú.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni tiwa bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà náà, tí a kò ní dárúkọ, ti wakọ̀ fún iléeṣẹ́ yìí fún ọdún 11. Ó wá bá wa, ó ní: "Ẹ̀yin bọ̀dá, ọkọ̀ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè. Bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ ló ṣe kú. Kò wúkọ́, kò ta gìrì. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń tàn." Ohun tí a ń wá ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Kí wá ni wọ́n kọ sínú job card? "Ọkọ̀ ń kú." Ó tán. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló kọ ọ́, a kò sì ní torí ẹgbẹ́ purọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yìí wò. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí ebi ń pa kì í sábà kú lójijì. Bí fílítà bá dí, tàbí atẹ́gùn ń wọ inú rọ́bà dísẹ̀lì, tàbí ihò tí táǹkì fi ń mí dí, agbára rẹ̀ á kọ́kọ́ dínkù, á máa wúkọ́, á máa ta gìrì, kó tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n lára pọ́ńpù irú ẹ́ńjìnnì yìí, ti àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, solenoid kékeré kan wà tí iná 12 volt ń gbé sókè kí dísẹ̀lì lè kọjá. Kọ́kọ́rọ́ la fi ń fún un níná. Bí a bá pa kọ́kọ́rọ́, iná á kúrò lára rẹ̀, síprín-ìn á ti ọ̀nà dísẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní ọkọ̀ òun kú bí ìgbà tí èèyàn pa kọ́kọ́rọ́ kò pa òwe fún wa. Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá sì ṣì ń tàn, a jẹ́ pé bátìrì wà láàyè, iná sì ń ti ibi kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ku ọ̀nà tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti pọ́ńpù. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀-ún.

Kí ni àwọn ọ̀gá wa ṣe? Wọ́n ní ká pààrọ̀ fílítà. A pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 9 kọjá, ọkọ̀ kò kú, wọ́n ní ó ti tán. Ọjọ́ kẹwàá, ó kú. Wọ́n ní pọ́ńpù kékeré tó ń fa dísẹ̀lì ló ń dá a láàmú, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Lẹ́yìn èyí wọ́n ní ká tú pọ́ńpù ńlá àti àwọn nọ́sù, wọ́n kó wọn lọ síta fún kalibíréṣọ̀n, ₦140,000 ló ná wọn. Ọkọ̀ padà dé, ó ń dún dáadáa, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún kú sójú ọ̀nà Ìdànrè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nígbà tí ohun tí wọ́n lè rà tán, wọ́n yíjú sí èèyàn. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé dírẹ́bà ń fa dísẹ̀lì tà, tó ń fi omi dí i. Kúẹ́rì jáde. Ẹ wò ó o! Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ; bí a bá bu dísẹ̀lì láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, tí a gbé e kalẹ̀ kó sinmi, omi á rèlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò sí ọ̀gá kan tó bu ìgò kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ ₦10,000 lóṣooṣù nínú owó ọkùnrin yìí láti oṣù kẹjọ, wọ́n ní owó kalibíréṣọ̀n ni òun yóò máa san díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, lóru, ọkọ̀ kú sórí ọ̀gẹ̀gẹ́rẹ́ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ oko méjì nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń ran bíréèkì àti sítíárìn lọ́wọ́. Bó bá ti kú, bíréèkì á le lábẹ́ ẹsẹ̀, sítíárìn á wúwo bí odó. Jíìpù náà ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ nínú òkùnkùn, kòtò ẹ̀bá ọ̀nà ló gbà á dúró. Kò sí ẹni tó kú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà ni pé jálá dísẹ̀lì mélòó ló kù nínú táǹkì.

Rìwáyà kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n fún òun àti dírẹ́bà ní ọjọ́ kan péré láti gbé ọkọ̀ náà lọ síbi tó ti ń kú. Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹwàá ni wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ pé àwọn kò ní san owó àfikún. Ó ra gílóòbù 12 volt méjì. Ó so ọ̀kan mọ́ ibi tí wáyà solenoid ti jáde níbi fíúsì, ó so èkejì mọ́ orí solenoid gan-an, ó wá fa àwọn méjèèjì gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì wọlé, ó fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú dírẹ́bà. Ó ní: bí ọkọ̀ bá kú tí gílóòbù méjèèjì ṣì ń tàn, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ dísẹ̀lì. Bí méjèèjì bá kú, kọ́kọ́rọ́ tàbí fíúsì ni. Bí èkejì nìkan bá kú, wáyà àárín ni.

Wọ́n gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà kẹta, pẹ̀lú jíà kìíní àti ẹrù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kú. Gílóòbù kìíní ń tàn, èkejì dúdú. Wọn kò pa kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rìwáyà bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n fi irin há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, solenoid dún: kọ́, kọ́, kọ́. Ó la rọ́bà ẹ̀yìn wáyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Bàbà inú rẹ̀ ti já. Engine seat ọkọ̀ náà ti rọ̀, nítorí náà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fipá gun òkè, á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fa wáyà náà, ojú bàbà á ya. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì á padà sí àyè rẹ̀, bàbà á tún fẹnu kanra. Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ kú ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí náà tí mítà fi sọ pé wáyà yẹn dára, nítorí iná tí mítà fi ń wọn nǹkan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí okùn bàbà kan ṣoṣo tó bá kù lè gbé e.

Gbogbo owó tó lọ, wáyà, téèpù àti gílóòbù, kò tó ₦3,000. A pààrọ̀ engine seat lẹ́yìn náà.

Àwọn ọ̀gá wa máa ń sọ pé ọkọ̀ tó dúró sójú kan, owó ló ń jẹ. Ó dára, ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣírò. Ìgbà mélòó ni wọ́n san owó ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ láti Ìdànrè? Pọ́ńpù tí wọ́n rà dà? ₦140,000 dà? Gbogbo èyí ni wọ́n ná kí wọ́n má baà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni tí a bá ń tú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n tí mẹkáníìkì bá jókòó ti dírẹ́bà tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ń ṣeré.

A kò sì ní dá àwọn ọ̀gá nìkan lẹ́bi. Àwa náà ń tijú láti kọ "a kò tíì rí i" sínú job card. A máa ń pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkọ̀ bá sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a kò mọ èyí tó mú un dákẹ́, a ó sì máa yangàn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù náà, ẹ fetí sílẹ̀. Jíìpù tuntun tó ní kọ̀ǹpútà kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Bí kóòdù bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan, ohun tó ń wí ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ti yẹ. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, ó lè jẹ́ wáyà rẹ̀, ó lè jẹ́ omi odò tó wọ ẹnu ibi tí wọ́n ti so ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Òfin tí a ń pè ní Labour Act, Cap L1 nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004, sọ ọ́ ní ìpín karùn-ún rẹ̀ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó fa àdánù, tàbí tí kò náání iṣẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó tó yọ ìwọ̀n tó tọ́. Ẹ fi ìwé ìyọ̀ǹda yẹn hàn wá. A ti béèrè fún un lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ ₦30,000 láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí wáyà jáde síta, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Kúẹ́rì náà ṣì wà nínú fáìlì ọkùnrin náà bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè kò pọ̀: kí ₦30,000 padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n fa kúẹ́rì yẹn ya níṣojú akọ̀wé wa, kí job card ní àyè tí dírẹ́bà yóò ti fẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọkọ̀ ṣe ṣe, níbo, lórí òkè tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀, nínú òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá bá dírẹ́bà lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń kú.

Dírẹ́bà tó bá ní ọkọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé. Gílóòbù méjì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rìwáyà wa. Ẹni tó bá nílò wọn, kó wá yá wọn.