Ẹ Yẹ Ìwé Mọ́tò Yín Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Union City tí ẹ fi ẹ̀yáwó ra mọ́tò, ẹ wá ìwé àdéhùn yín jáde. Bí ẹ bá rí "credit life" tàbí "GAP" níbẹ̀, tí ẹ kò sì bèèrè fún un, owó ìbánigbófò ni wọ́n kó mọ́ gbèsè yín, èlé sì ń gorí rẹ̀. Ní 2023, CFPB, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí Toyota Motor Credit san mílíọ̀nù 60 dọ́là: oníbàárà tó fẹ́ fagi lé e gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a tún ní kó lọ kọ lẹ́tà! Ní 2025, àjọ náà fúnra rẹ̀ fagi lé àṣẹ ọ̀hún. Nítorí náà, a ò ní kí ẹ dúró de ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.