Ẹ Wọlé Kí Ẹ Tó Wó O

Ní ìpàdé ẹbí wa ní Òkìtìpupa, wọ́n ní kí á wó ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá wa àgbà, èyí tó fi owó epo pupa kọ́, kí á fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní páànù ti dógùn-ún, ògiri ti dúdú. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló ti gun òkè ilé náà láti ọdún mẹ́wàá nínú yín?" Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Orí títì la ti ń dá ilé lẹ́jọ́! Ẹni tó bá wọlé yóò rí àtẹ̀gùn ìrókò tí ọwọ́ àwọn tó ti lọ ti mú kó máa dán. Yóò rí àjà onípákó tí káfíńtà gbẹ́ òdòdó sí létí, àti ihò tí wọ́n dá sókè ilẹ̀kùn kí ooru lè ráyè jáde.

Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bràsíl padà sí Èkó ló mú irú iṣẹ́ yìí wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló gbé e wọ ìlú wa gbogbo. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ẹ̀yin kan á ní kí ìjọba bójú tó o. Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú l'Ékòó ńkọ́? Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ní 1956, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní September 11, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà, ilé ò sí mọ́! Ẹni tó ń wọlé, tó ń jáde, tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, òun ló ń dá ilé sí.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni sùn sábẹ́ òrùlé tó ń jò o. Ẹ pààrọ̀ páànù. Ẹ fi ìsàlẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù bí ẹ bá ń wá owó. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀dà bo ìrókò, ẹ má sì ya àjà onípákó torí kẹ́ ẹ lè fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó sọ ilé nù, àpò ìyà ló sọ kọ́.

Oṣù tó ń bọ̀ la ó tún pàdé. Mo ti sọ fún wọn pé òkè ilé náà la ó ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ká wó o, kó dìde dúró lábẹ́ àjà yẹn, kó gbójú sókè, kó wá sọ ọ́.