Ìpẹ́dé tàbí Ìlọ́ra? Èrò lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan Nínú Iṣẹ́ Ìgbohùnsílẹ̀ Inú Ilé

Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ti kúrò ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan lè ṣe. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan, makirofóònù kan àti ẹ̀rọ àfisétí lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kí ó sì gba orin tirẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú ni pé onílù yóò lu gángan rẹ̀, ṣùgbọ́n ìró ìlù náà yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gba inú ẹ̀rọ àfisétí dé etí rẹ̀. Ọwọ́ ti lọ síwájú, etí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní latency. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó tètè máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní Yorùbá: ìlọ́ra, ìdádúró àti ìfàsẹ́yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò bá iṣẹ́ mu. Ìlọ́ra ni ó sì burú jù nínú wọn, nítorí pé owó ni ó ń ná ẹni tí ó bá gbà á gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fún nǹkan lórúkọ, ó tọ́ kí ó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í gba ìró bí omi tí ń ṣàn. Ṣe ni ó máa ń wọn ìró náà léraléra, ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n àwo CD ni wọ́n ń lò, tàbí ìgbà 48,000 gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí kì í dá rìn. Inú agbọ̀n kan ni wọ́n ń kó jọ sí, ó sì di ìgbà tí agbọ̀n náà bá kún kí wọ́n tó gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ èrò ní ìdíkọ̀ Òjóò n'Íbàdàn rí mọ irú ọ̀ràn yìí dáadáa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé kò ní lọ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi jókòó. Ọkọ̀ náà lè máa sáré bí àṣá; eré rẹ̀ kò ran ẹni tí ó ti ń retí láti àárọ̀ pé kí ọkọ̀ kún lọ́wọ́.

Agbọ̀n tí ó gba ìwọ̀n 1,024 yóò lo nǹkan bí ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó kún, bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ 44,100. Èyí tí ó gba 256 yóò lo nǹkan bí 6. Èyí tí ó gba 128 kò ní pé 3. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìró sì ń wọ ọkọ̀, nígbà tí ó bá ń wọlé àti nígbà tí ó bá ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lo 256 yóò san bí 12, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ tí ń sọ ìró di nọ́ńbà yóò fi kún un.

Níbí ni àléébù ìlọ́ra ti hàn. Ohun tí ó bá lọ́ra, agbára rẹ̀ ni kò tó. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́ra yóò tọrọ owó, yóò yá owó, yóò lọ ra èyí tí ó yára jù ú lọ. Bí ó bá gbé e délé tí agbọ̀n 1,024 tí ètò rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ kò yí padà, ìró yóò máa pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ṣètò sí 128 yóò dá ìró padà kíá ju tuntun tí wọ́n fi sílẹ̀ sí 1,024 lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n yí, ọ̀fẹ́ sì ni. Lóòótọ́, yíyára ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Agbọ̀n kékeré máa ń kún léraléra. Bí ẹ̀rọ kò bá sì tíì parí iṣẹ́ lórí èyí tí ó gbé lọ kí òmíràn tó kún, èrò yóò já sílẹ̀, ìró yóò sì máa ta bí gúgúrú nínú agbada. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń lo agbọ̀n kékeré nígbà tí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ńlá nígbà tí wọ́n bá ń po àwọn ìró pọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ń kọrin mọ́.

Ìdádúró kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, olórí ẹgbẹ́ tí ó bá sì ní kí wọ́n dá orin dúró ń sọ pé kí orin parí ni. Ní ti ìfàsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni pípẹ́ ìró kì í ṣe àìsàn, nítorí pé nínú afẹ́fẹ́ pàápàá, ìró kì í rìn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34 lọ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdá 12 tí agbọ̀n 256 ń gbà kò ju jíjìnnà mítà 4 lọ. Onílù ìyáàlù àti onílù kẹríkẹrì lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀ síra wọn lójú agbo, kí ijó má sì bàjẹ́. Akọrin ni kì í fẹ́ gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀, nítorí pé egungun orí rẹ̀ ti gbé ohùn rẹ̀ dé etí rẹ̀ kí èyí tí ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ tó dé.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni ìpẹ́dé. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé lágbájá pẹ́ dé. Bí wọ́n ti ṣẹ̀dá ìgbàgbọ́ láti ara gbà àti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìpẹ́dé ti ara pẹ́ àti dé wá. Kò di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, kò pe ohun tí ń rìn ní ohun tí ó dúró, ó sì rọrùn láti fi nọ́ńbà tẹ̀ lé e: ìpẹ́dé 6, ìpẹ́dé 12. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó kún, ìpẹ́dé ìró ni kí wọ́n wí, kí wọ́n má ṣe wí pé ìpẹ́dé ohùn, nítorí pé ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò ní láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ da ohun tí wọ́n ti tò síbẹ̀ rú.

Àwọn kan yóò sọ pé kí wọ́n kúkú yá ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n máa pè é ní látẹ́ńsì. Àwíjàre wọn kì í ṣe yẹpẹrẹ, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò bá sì dá a mọ̀ níbẹ̀ kò ní rí nọ́ńbà tí yóò yí. Ṣùgbọ́n dídá ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí lílóye rẹ̀. Látẹ́ńsì kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀; ìpẹ́dé ti sọ ìdajì.

Irú àkíyèsí kan náà yẹ nípa ètò kékeré tí ó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìró, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi awakọ̀ pè. Ẹni tí ó bá tú u bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá ti wa ọkọ̀ náà sínú igbó. Ògbufọ̀ ni ètò yìí, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì. Bí ògbufọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yóò pẹ́ dé. Ohun tí Steinberg, ilé-iṣẹ́ kan ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, rí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ASIO jáde ní 1997, kí ètò orin lè bá ẹ̀rọ ìró sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn alárinà inú Windows kọjá.

Ní ti ẹ̀rọ àfisétí tí kò ní wáyà, kí akọrin gbé e tì nígbà tí ó bá ń gba orin sílẹ̀. Ìpẹ́dé èyí tí ń lo Bluetooth sábà máa ń ju 100 lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bernard Lee, ti kọ̀wé ní 1950 pé bí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ahọ́n rẹ̀ yóò máa kọ́, yóò sì máa ká ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń kọrin láàárín irú rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òun ni òun kò mọ orin.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìró ni ó tilẹ̀ ní bọ́tìnnì kan tí ń gbé ìró makirofóònù lọ sí etí tààrà láìjẹ́ kí ó wọ kọ̀ǹpútà rárá. Kò sí ẹni tí ó nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún èyí, nítorí pé ọ̀nà àbùjá ti wà nínú èdè tipẹ́.