Ọ̀ọ́dúnrún Ìgbáròkó

Bí a bá dárúkọ John Charnley láàrin àwọn oníṣègùn egungun, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni ó fi ìgbáròkó àtọwọ́dá dá àìmọye arọ padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Òótọ́ ni. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi í joyè Sir ní 1977. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkùnrin yìí ti kùnà ni mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wa bá mi wò.

Ìlú Bury ní Lancashire ni wọ́n ti bí i ní 1911. Bí egungun tí ó ṣẹ́ ṣe ń so pọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn egungun ní Oswestry, ó ní kí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la ojúgun òun, kí ó gé egungun díẹ̀ kí ó sì lọ́ ọ mọ́ ọn, kí òun lè mọ bí yóò ṣe so. Egbò náà kẹ̀, wọ́n sì ní láti tún ẹsẹ̀ náà là. Ẹni tí ó bá pè é ní aláṣejù kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí làkúrègbé ìgbáròkó. Ní ìgbà náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Paris, àwọn Judet, ti ń fi ike ṣe orí egungun itan. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi irú rẹ̀ sí lára tọ Charnley wá: bí ó bá ti tẹ̀ síwájú nídìí oúnjẹ, ìgbáròkó rẹ̀ a máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, débi pé ìyàwó rẹ̀ kì í fẹ́ bá a jókòó nínú yàrá kan náà. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín kọjá. Charnley bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí oríkèé tí Ọlọ́run dá kì í fi í dún. Ó dán an wò, ó sì rí i pé oríkèé ẹ̀dá ń yọ̀ ju yìnyín lórí yìnyín lọ.

Ó wá ohun tí ń yọ̀ kiri títí ó fi kan Teflon, ike tí a fi ń ra inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi í sínú ìgbáròkó nǹkan bí 300 ènìyàn. Inú wọn dùn, wọ́n ń rìn. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ike náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí ẹ̀rún rẹ̀ sì ń mú ẹran ara wú. Charnley wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ sí wọn lára. Ó fi Teflon náà sábẹ́ awọ itan òun tìkára rẹ̀, ó wo ohun tí ó ṣe, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, Lancet, ní 1963.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Harry Craven, tí ń bá a rọ irin, ni ó yọ ọ́ nínú ọ̀fìn. Ní 1962, ọlọ́jà kan mú ike mìíràn wá, polyethylene, èyí tí àwọn ilé ìhunṣọ ń lò fún eyín ẹ̀rọ wọn. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní kò wúlò, ó sì bá ìrìn àjò tirẹ̀ lọ. Craven gbé e sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀gá yóò fi dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ike yìí fi ń yí kò jẹ ẹ́ tó bí Teflon ṣe ń jẹ ní ọjọ́ kan. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n fi í sára ènìyàn, òun náà ni ayé sì ń lò títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ní tèmi, orúkọ Craven kò yẹ kí ó kéré tó bí wọ́n ti ń kọ ọ́ yìí.

Àwọn kan yóò ní ṣé ẹran ìdánwò ni 300 ènìyàn náà ni? Ẹ̀sùn náà múná, èmi kò sì ní gbèjà rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jìyà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé òun tìkára rẹ̀ ni ó kà wọ́n tí ó sì sọ fún ayé. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí dókítà mìíràn ra oríkèé rẹ̀ títí ọdún mélòó kan fi kọjá, bí wọn kò bá sì wá kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Wrightington, wọn kò ní rí i rà. Ó ń bẹ àwọn aláìsàn pé bí wọ́n bá kú, kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ìgbáròkó náà padà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà kú ní 1982.

Kí ni èyí kan ẹ̀ka Yorùbá? Robert Jones, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìwòsàn Oswestry yẹn, ọ̀dọ̀ Hugh Owen Thomas ni ó ti kọ́ṣẹ́. Evan Thomas, bàbá Hugh, teegunteegun ni ní Liverpool, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣègùn òyìnbó, ohun tí ìdílé wọn mọ̀ sì bọ́ sínú ìwé. Àwọn teegunteegun tiwa náà ṣì wà nídìí iṣẹ́, tí wọ́n ń dá adìẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ adìẹ mọ ọjọ́ tí ti ènìyàn yóò so. Àwa tí a ń tọ̀ wọ́n lọ, ọfọ̀ wọn nìkan ni a ń gbà sílẹ̀. A kì í bi wọ́n léèrè iye ẹsẹ̀ tí ó so, iye tí ó wọ́, àti iye tí ó rà tí wọ́n fi ní láti gé e. Kí ẹni tí yóò kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí wọn lọ́dún tí ń bọ̀ mú ìwé dání, kí ó jókòó tì wọ́n fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì kà wọ́n.